Ìlà Kan Nísàlẹ̀ Ìwé

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Ó dá mi lójú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ nígbà kẹrin ni:
lórí káàdì, lórí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀,
lórí ìwé oògùn, nínú rẹ́jísítà gbàǹgbà ẹnu ọ̀nà.
Orúkọ ọlọ́kadà kan náà, ọjọ́ orí kan náà,
Lafẹ́nwá kan náà níbi tó ti ṣubú.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń retí mi lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta,
bírò mi ò tíì kọ̀wé dé ibi tí ẹsẹ̀ wà.

Mọ́ríyìíkẹ́, nọ́ọ̀sì wa, ní, "Dókítà, ẹ kọ ọ́ tó bá yá."
Tó bá yá! Tó bá yá ni bàbá ìgbàgbé.
Kílẹ̀ tó mọ́, ìdajì ohun tí mo rí
á ti bá odò Ògùn lọ.
Ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi á máa tú ìwé
bí adìẹ tó ń tan ààtàn,
á bá lẹ́tà mi níbẹ̀, tó ń wọ́ kiri
bí èèrà tó jáde nínú ìkòkò aró.

Lóru ọjọ́ tí iná lọ, Mọ́ríyìíkẹ́ fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú,
a ya àpótí kéékèèké sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá:
Èémí. Ìfúnpá. Ibà. Ibi tó ń dùn ún.
Ṣé ó mọ ibi tó wà? Ìgbà wo ló jẹun?
Fàmì sí i, máa lọ.
Orúkọ, ẹ̀ẹ̀kan péré,
kí bébà kábọ́ọ̀nù gbé e dé ìwé tó kù.
Ṣófowórà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fowó ara rẹ̀ rà á ní Sápọ́n,
ó ní òun ò rí irú dókítà yìí rí,
tí bébà dúdú ń mú inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tuntun.

Ọwọ́ wa yá. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọwọ́ wa yá gan-an.

Ìyá Efúnyẹmí wá láti Ìtòkú,
aró ti kùn ún lápá méjèèjì dé ìgúnpá.
Àpótí mẹ́fà, àmì mẹ́fà, ìṣẹ́jú kan àbọ̀.
Ibi tó ń dùn ún: òkè ikùn.
Ó sì sọ̀rọ̀. Etí mi yìí gbọ́ ọ:
"Ọmọ mi, tí mo bá ń gun òkè ilé wa,
ó ń dà bíi pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà."
Kò sí àpótí fún òkè.
Nílùú tó jẹ́ pé òkúta ló gun òkúta lẹ́yìn,
ta ni kì í mí lókèlókè?
Mo bọ́ síwájú.

Láàárọ̀, Dókítà Ògúnjìnmí ka "ikùn",
ó fún un ní oògùn inú, ó ní kó máa lọlé.
Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n padà,
ọwọ́ aró méjì ń mì dirodiro lẹ́yìn ọmọkùnrin náà.

Ó yè. Mo ní kí n tètè sọ ọ́,
kí ẹ má dá mi lẹ́jọ́ ju bí mo ṣe dá ara mi lọ.

A ò da fọ́ọ̀mù náà nù. Àpótí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Ìlà kan ṣoṣo la fà kún un nísàlẹ̀,
kò gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì:
Kí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ?
Èèwọ̀ ni, a kì í fàmì síbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: "Ẹ má sọ fún màmá mi pé mo sunkún."
Awakọ̀ àjàgbé: "Mo rí igi. Igi ni ò rí mi."
Bàbá arúgbó kan tí wọ́n gbé wá láti Àdátán,
ọwọ́ Mọ́ríyìíkẹ́ ló wà nídìí tiẹ̀:
"Kò sọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Mo dìde.